Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Olùtùnú Wá

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún tí ìyàwó ilé ti ilé ìwòsàn dé láìgbé ọmọ dání, búrẹ́dì ti tán nínú ilé, ṣúgà ti tán, ọ̀rọ̀ ìtùnú nìkan ni kò tán.

Ìyá Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ti búrẹ́dì. Òun ni ìyá ọkọ, obìnrin kúkúrú kan tí omi ọṣẹ ti bó ní ìka, tí kò sì sí àbàwọ́n aṣọ kan tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni àwọn èèyàn ti ń wọlé. Wọ́n á ní ẹ kú ìrọ́jú, wọ́n á jókòó, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á wá yíjú sí ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyá Alágbàfọ̀ ti mọ̀ wọ́n dáadáa báyìí. Ẹni tó bá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àánú ló ń ṣe é. Ẹni tó bá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tíì ló ń wá.

"Búrẹ́dì mẹ́fà ló ti bá ọ̀rọ̀ yìí lọ," ó sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láti ojú fèrèsé. "Mẹ́fà, ńláńlá. Àwọn tó ń bá wa ṣọ̀fọ̀ ti ń sanra."

Ọmọ rẹ̀ kò gbé ojú sókè. Akunlé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọ̀dà ló ń kùn sára ilé onílé. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó lóṣòó ti garawa kan, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì kan náà. Kẹrosíìnì inú garawa ti mọ́ bí omi òjò, irun búrọ́ọ̀ṣì sì ti ń já síbẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, ṣùgbọ́n gbàrà tí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn, búrọ́ọ̀ṣì náà á tún dọ̀tí lójú rẹ̀.

Ìyá Alágbàfọ̀ din ẹyin, ó po tíì tó kù nínú agolo, ó gbé e wọ yàrá. Ìyàwó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sógiri. Bó ṣe jókòó lánàá nìyẹn. Irun orí rẹ̀ ti ń tú ní apá kan, apá kejì ṣì dúró bí wọ́n ṣe dì í ní ọ̀sẹ̀ tó ń múra ilé ìwòsàn.

"Jẹun, ìyàwó mi."

"Ẹ ṣé, Màmá. Kò wù mí."

"Kò wù ọ́ kẹ̀? Ìwọ sáà gbọ́ tèmi. Ẹ̀mí rẹ là, ọjọ́ orí rẹ kéré, ọkọ rẹ wà níbẹ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ìyàwó yí ojú kúrò lára ògiri. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo aago.

"Mọ́kànlá," ó ní.

"Kí ló jẹ́ mọ́kànlá?"

"Omi tó dànù yẹn. Mo ti ń kà á. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Ìyá Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọkùnrin tó wá wo mítà iná, tí mi ò mọ̀ rí, òun náà sọ ọ́ kó tó kọ nọ́ńbà mítà. Tiyín yìí ló di mọ́kànlá." Ó gba ife tíì náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mu ún, ó kàn dì í mú. "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé agbè ni mí?"

Ìyá Alágbàfọ̀ fẹ́ bínú. Ó wá ibi tí ìbínú náà á ti bẹ̀rẹ̀, kò rí i. Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀; ẹṣin tó gùn wọlé láàárọ̀ yìí ti yíjú padà, ó ti ta á nípàá. Ó gbé àwo ẹyin sórí àga, ó ní kó tutù díẹ̀ ná, bẹ́ẹ̀ ẹyin náà ti tutù tipẹ́, ó sì jáde.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé ìyàwó kò tíì sunkún. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ. Ó ní kó má sunkún, pé ojú ẹkún kì í jẹ́ kí ọmọ tó ń bọ̀ rí ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ Ìyá Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ti gbọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ jáde láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó gbọ́ràn. Kò tíì sí ìyàwó tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó kó aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì tó fọ̀ lánàá lọ sórí okùn. Bó ṣe ń sá aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun náà ló ń gbọ́ Ìyá Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lórí àtẹ̀gùn, tóun àti ẹnìkan jọ ń sọ̀rọ̀. Aṣọ bo Ìyá Alágbàfọ̀ mọ́lẹ̀, wọn kò rí i.

"Wọ́n kúkú kìlọ̀ fún un," ni Ìyá Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń wí. "Aboyún oṣù mẹ́jọ, ó ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò."

"Àtẹ̀gùn wo?"

"Èyí náà."

"Kí ló ń gùn ún ṣe?"

Ọ̀rọ̀ dákẹ́ níbẹ̀, nítorí pé aṣọ Ìyá Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti lọ̀ tán ni aboyún náà máa ń gbé gùnkè wá fún un, kí ó má bàa sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á pẹ̀lú orúnkún dídùn. Ìyá Alágbàfọ̀ fi píìnì kan há aṣọ mọ́ okùn. Ó tún fi èkejì há a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí atẹ́gùn rárá.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, Ẹgbẹ́ Olùtùnú dé.

Wọ́n jẹ́ mẹ́fà. Ìyá Ìjọ ló ṣáájú pẹ̀lú fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Alàgbà tẹ̀ lé e, ó gbé ìwé ńlá kan há abíyá. Inú ìwé yìí ni wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ìbànújẹ́ bá nínú ìjọ sí. Ẹni tí wọ́n bá ti tù nínú, wọ́n á fàmì sí iwájú orúkọ rẹ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó kù gbé ìwé orin dání. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ilé mẹ́rin ló kù fún wa lónìí," Alàgbà ní bó ṣe ń jókòó. "Ẹ má jẹ́ ká pẹ́. Níbo ni arábìnrin wà?"

Ìyàwó jáde. Ó ti wẹ̀, ó wọ búláòsì aláwọ̀ omi-aró kan, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n kọrin kan. Wọ́n kọ ọ́ sókè jù, wọ́n sì ní láti dá a dúró kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ọmọ mi," Ìyá Ìjọ bẹ̀rẹ̀, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, "kì í ṣe pé Ọlọ́run kò rí ọ. Ó rí ọ. Ó mọ ohun tó fà á. Ta ló mọ̀, ó lè jẹ́ ọmọ tó máa di olè ni, tó máa fi ojú rẹ rí màbo. Ó wá yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ ṣáájú."

Àwọn obìnrin náà mirí. Ìyá Alágbàfọ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, rò ó nínú ara rẹ̀ pé kì í ṣe kékeré. Ọmọ tí kò tíì rí ọmú mu, wọ́n ti fi ẹ̀sùn olè kàn án.

"Ká sì yẹ ara wa wò," Alàgbà gbà á. "Nígbà míì, inú ilé ni ilẹ̀kùn ti máa ń ṣí fún ọ̀tá. Ṣé ẹ̀yin àti ọkọ yín ń wá sí àdúrà àárín ọ̀sẹ̀?"

"A máa ń wá, sà."

"Déédéé?"

"Nígbà tí iṣẹ́ ò bá dí i, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n," Alàgbà ní, bí dókítà tó ti rí kókó náà. Ó kọ nǹkan sínú ìwé. "Ọkọ ńkọ́? Ẹ pè é wá."

"Ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì," Ìyá Alágbàfọ̀ ní.

"Lákòókò tí a wà yìí?"

"Ó dọ̀tí gan-an ni."

Ìyá Ìjọ ti ń wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀. Ó fa bébà kan yọ, ó nà án sí ìyàwó. Ìwé ètò ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi ni. Ó fi ìka tọ́ ibì kan níbẹ̀, ẹ̀rín sì ti wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá.

"Ẹ̀yin lẹ ṣìkejì. Ìdúpẹ́ àṣelà. Ìyá là, ẹ̀mí kan ò bá èkejì lọ. Ọ̀túnla, wàá wọ funfun, ìwọ àti ọkọ rẹ àti Màmá, ẹ máa jó wá síwájú, gbogbo ìjọ á sì jó tẹ̀ lé yín. A fẹ́ fi ojú Èṣù gbolẹ̀."

Ìyàwó ka ibi tí wọ́n fọwọ́ tọ́ náà. Orúkọ ìdílé wọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó wà láàárín ẹnìkan tó ra mọ́tò àti ẹnìkan tí ọmọ rẹ̀ pé ọdún kan.

"Mi ò lè jó, mà," ó ní.

"Ẹ̀mí á gbé ọ ró."

"Inú ń ro mí, mà. Wọ́n fi òwú rán mi lára."

"Rọra jó nígbà náà."

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́," Alàgbà ní, ó sì dúró kí ẹnìkan bá òun parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a parí rẹ̀. Ó parí rẹ̀ fúnra rẹ̀: "Bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Àdúrà Alàgbà gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n dá ayé, kò sì kánjú láti ibẹ̀ bọ̀. Ó ti gbàdúrà dé orí àwọn tó ń rìnrìn àjò lójú omi nígbà tí ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní ilé tó kọjú sí tiwọn. Ọmọ kékeré ni, ohùn tín-ín-rín tí ebi mú. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún ké.

Ìyá Alágbàfọ̀ la ojú. Kò mọ ohun tó mú un la ojú. Ó rí ìyàwó tó tẹríba, tó di ọwọ́ mọ́ra, tó sì dúró gbọnin. Lára búláòsì rẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ibi méjì ti tutù, wọ́n sì ń gbòòrò sí i. Wàrà náà dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọmọ kò sí.

Ìyá Ìjọ náà ti la ojú kan. Ó rí i. Ó tètè dì í padà, ó sì gbé ohùn sókè bọ́ sáàárín àdúrà Alàgbà: "Gbẹ ẹ́ o, Olúwa. Gbẹ ẹ́ kíákíá."

Ogójì ọdún ni Ìyá Alágbàfọ̀ ti ń fọ aṣọ àwọn abiyamọ. Ó mọ̀ pé omi gbígbóná kọ́ ni wọ́n fi ń fọ wàrà. Ẹni tó bá da omi gbígbóná lé wàrà, ó ti bá aṣọ yẹn dì í pọ̀ títí tí aṣọ á fi gbó. Omi tútù ni, àti sùúrù. Ó wo àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n dijú, ó wo ara rẹ̀ náà tí ó ti ń bá wọn se omi gbígbóná láti ọjọ́ márùn-ún. Ìtìjú mú un. Ó ń wá ibi tí aṣọ ìnura wà nígbà tí nǹkan kan gbá ilẹ̀kùn iwájú láti ìta.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún àgbà," ni ohùn kan wí. "Ẹrù orí mi wúwo."

Ẹni tó sún mọ́ ilẹ̀kùn ṣí i kí ẹnikẹ́ni tó lè ní má ṣí i. Bàbá Káfíńtà ni, ọkùnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìparí òpópónà, tó ti lọ kan òrùlé ní ìlú míì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọdé kan sórí, bẹ́ẹ̀dì pákó tó ní ògiri kékeré yí ká, tó ti fi yanrìn-bébà bó títí ó fi ń dán. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà, ó tì í wọlé pẹ̀lú agbára.

"Mo mọ̀ pé mo pẹ́," ó ní, ó ṣì ń tì í. "Onílé ọ̀hún kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ bá mi bẹ ẹni tó ni ín kó má bínú. Ṣé ó ń sùn ni?"

Bẹ́ẹ̀dì náà há sáàárín férémù ilẹ̀kùn, ìlàjì nínú ilé, ìlàjì níta. Bàbá Káfíńtà gbé ojú sókè. Ó rí fìlà, ó rí ìwé orin. Ó rí ìyàwó àti búláòsì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára igi náà díẹ̀díẹ̀.

Akunlé ti wọlé láti ẹ̀yìnkùlé nígbà tó gbọ́ ohùn yẹn. Ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"O ò sọ fún un?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì," Akunlé ní. "Mo ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún pa á. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ gbólóhùn tó tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ márùn-ún.

Alàgbà ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn. "Kò burú, kò burú rárá. Àmì ni. Ẹ gbé e wọlé pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Èyí tó ń bọ̀ lọ́nà ló ni ín." Ó dìde, ó fa bẹ́ẹ̀dì náà, kò mì. Ó tì í, kò mì. Ó wo òkè rẹ̀ bóyá ó ṣeé fò, ó wo aṣọ àlà tó wọ̀, ó jókòó padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé náà ní sí òpópónà, ẹ̀yìnkùlé kò já síbì kankan.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí. Ẹ fi àdúrà kan tì í lẹ́yìn, ká lè máa lọ."

Bàbá Káfíńtà kò dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọdún tí wọ́n ti kó gbogbo àga pákó tó kàn fún wọn síta, tí wọ́n sì ra ti rọ́bà. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì náà, ó wo ilẹ̀. Wọ́n rò pé kò ní gbà á.

"Ọlọ́run," ó ní. "Mo gbé bẹ́ẹ̀dì dé, mi ò bá ọmọ. Ọmọ tìrẹ náà ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ó sì kú níṣojú rẹ, nítorí náà mi ò ní máa ṣàlàyé fún ọ bó ṣe ń rí. Ọ̀rọ̀ yìí ò dáa. Kò dáa rárá. Mi ò mọ ohun tó kàn láti sọ. Àmín."

Kò sẹ́ni tó ṣàmín. Ó kúrú jù; àmín wọn kò tíì múra.

Ìyàwó dìde lórí àpótí. Ó rìn lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì náà, ó gbé ọwọ́ lé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ẹ̀gbẹ́ igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti bó o kí ó má bàa gún ọmọ lára. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe ẹkún tí èèyàn ń sun lójú àlejò. Ó ti inú jáde wá bí ẹni tí wọ́n fa nǹkan yọ lára rẹ̀, ó sì wó jókòó sílẹ̀.

Ìyá Ìjọ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ó tó, ó tó, ọmọ mi. Má sunkún. Ìwọ ni Ọlọ́run dá sí. Ó tó báyẹn."

"Ẹ fi í sílẹ̀," Ìyá Alágbàfọ̀ ní.

"Ẹ jẹ́ ká pa á lẹ́nu mọ́, Màmá. Ẹni tó nígbàgbọ́ kì í..."

"Mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá Ìjọ. Bí a ṣe ń sunkún là ń ríran. Ojú ẹ̀ ò ní fọ́." Ó ti rìn wá sáàárín yàrá. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ohùn tó fi ń bá oníbàárà tó sọ bọ́tìnnì nù sọ̀rọ̀ ni. "Ẹ̀yin lẹ mọ Bíbélì jù mí lọ. Níbi òkú Lásárù, ta ló sunkún níbẹ̀? Ẹni tó mọ̀ pé kò ní pẹ́ tóun á fi jí i dìde, òun gan-an kọ́kọ́ dúró, ó sunkún ná. Ẹ̀yin tí ẹ ò lè jí adìẹ dìde lẹ wá ń kánjú. Ẹ ní ìtùnú lẹ bá wá. Ó dáa. Iṣẹ́ ti dé. Ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó. Ibi tí wọ́n máa gbà lọ kò kúkú sí.

Akunlé wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó gbé apá yí i ká, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹrosíìnì sì ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì tí ìyá rẹ̀ fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyá Alágbàfọ̀ rí i. Ó gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ èjìká Akunlé náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sì fi ojú pamọ́ sínú irun ìyàwó rẹ̀, ní apá ibi tó ti tú.

Ó pẹ́. Ẹni tí kò bá jókòó ti ẹkún rí kò lè mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó. Alàgbà wo aago lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kẹta, ó bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́, ó jù ú sápò. Èyí tó kéré jù nínú àwọn obìnrin tó gbé ìwé orin ti ń sunkún tirẹ̀ láìdún, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Wọn kò bi í ní ìdí. Ìyá Ìjọ ṣí fìlà ńlá náà, ó gbé e lé orúnkún. Láìsí fìlà, ó kéré. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì jọ ìyá ẹnìkan.

Bàbá Káfíńtà fa sikurudíráfà yọ lápò, ó lóṣòó síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà kan. Ohùn irin yẹn nìkan ló ń dún, ó ń yí, ó ń yí. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà bọ́, bẹ́ẹ̀dì dẹ̀gbẹ́, ó wọlé.

"Kí n máa gbé e padà lọ?" ó bi ìyàwó, ní ohùn ìsàlẹ̀.

Ìyàwó mi orí pé rárá. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná, sà. Ó dára gan-an."

"Igi tó dáa ni," ni Bàbá Káfíńtà fèsì. Ó gbé ẹsẹ̀ tó bọ́ náà lé inú rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí báyìí, ṣùgbọ́n àwọn àlejò kò dìde lọ́gán. Nígbà tí wọ́n wá dìde, Alàgbà ṣí ìwé ńlá rẹ̀, ó mú kálàmù kó fàmì sí i. Ó wo ìyàwó nílẹ̀, ó wo kálàmù náà, ó pa ìwé dé.

"Ní ti Ọjọ́ Ìsinmi," ó ní fún Ìyá Alágbàfọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra ń sọ ọ́. "A ti tẹ ìwé ètò."

"Ẹ ní kálàmù. Ẹ fa igi lé e."

"Kí la máa sọ fún ìjọ?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹlòmíì ra mọ́tò." Ó dì í lọ́wọ́ mú kó má bàa rò pé ìjà ni. "Ẹ máa lọ sílé mẹ́rin yín, Alàgbà. Ẹ ṣé tí ẹ jókòó. Ọjọ́ tó bá wù ú kó jó, ẹsẹ̀ ẹ̀ á sọ fún un."

Nígbà tó padà wọlé, kò rí Ìyá Ìjọ. Ó gbọ́ ohùn omi. Ìyá Ìjọ wà ní ilé ìdáná, ó ti ká ọwọ́ aṣọ léèsì rẹ̀ sókè, ó ń fọ gbogbo ife tí àwọn olùtùnú ti mu tíì nínú rẹ̀ láti àná. Ó fọ̀ wọ́n tán, ó to wọ́n, ó nu ọwọ́ sára yẹ̀rì, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò fọ̀ wọ́n dáadáa. Ìyá Alágbàfọ̀ dúró kó jìnnà ná kó tó tún wọn fọ̀.

Ó bu omi tútù sínú abọ́, ó ki aṣọ ìnura méjì bọ̀ ọ́, ó wọ yàrá. Ìyàwó ti dùbúlẹ̀. Ojú rẹ̀ wú, imú rẹ̀ pọ́n, ó sì jọ èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ márùn-ún.

"Bọ́ búláòsì yẹn. Jẹ́ kí n wò ó."

Ọmú rẹ̀ le bí òkúta, iṣan rẹ̀ yọ. Ìyá Alágbàfọ̀ fún aṣọ náà, ó rọra tẹ́ ẹ lé e. Ìyàwó fa èémí lójijì nítorí òtútù, lẹ́yìn náà ó mí jáde.

"Má fún wàrà náà jáde o. Tó o bá ń fún un, á rò pé wọ́n ń bèèrè òun. Ọjọ́ mélòó kan ló kù fún un. Tí ara rẹ bá gbóná tàbí tí ibì kan bá pọ́n, wàá sọ fún mi, a máa lọ rí nọ́ọ̀sì." Ó tẹ́ aṣọ kejì. "Aṣọ yìí, tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, a máa pààrọ̀ ẹ̀."

"Ta ló kọ́ yín, Màmá?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

Akunlé ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú àwo ìrẹsì, ó dúró síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kóun wọlé.

"Màmá," ìyàwó ní, "ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ìyá Alágbàfọ̀ ki aṣọ kan bọ omi. Ó pẹ́ kó tó gbé e jáde.

"Mẹ́rin."

"Màmá," Akunlé ní láti ẹnu ọ̀nà, "mẹ́ta ni wá."

"Mo mọ iye tí ẹ jẹ́. Kì í ṣe iye tí ẹ jẹ́ ló bi mí." Ó fún aṣọ náà títí tí kò fi kán mọ́, ó tún un tẹ́. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. "Obìnrin ni. Òun ló ṣáájú ẹ. Irun orí ẹ̀ pọ̀, ó dúdú, ó bò ó títí dé etí."

Wọ́n gbọ́ Ìyá Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń pe ẹnìkan lórí àtẹ̀gùn. Akunlé gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀. Ìyàwó na ọwọ́, ó dì mọ́ ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tó tutù, tí ọṣẹ ti bó.

"Tèmi náà," ó ní. "Tèmi náà ní irun, Màmá."